Ìṣípà Ládiípọ̀

14 oṣù kìíní, 1952. Pọ́bẹ̀.

Wọ́n ti mú Ògúnṣínà, Olúọdẹ Ìsàbà. Wọ́n ní ó pa Ládiípọ̀, ọmọ arábìnrin rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní iṣẹ́ ọdẹ. Kò sí òkú. Ère kan ni àwọn gáàdì bá nínú igbó lẹ́yìn Ìsàbà: ó wọ ẹ̀wù ọdẹ Ládiípọ̀, ó dé fìlà rẹ̀, àpò rẹ̀ wà ní èjìká rẹ̀. Wọ́n bi Ògúnṣínà pé kí ni wọ́n fi ọmọkùnrin náà ṣe. Ó fèsì. Basile, ògbufọ̀ bírò ìjọba, ọmọ Àjàṣẹ́ tó ń sọ èdè Gun nílé, túmọ̀ èsì náà sí Faransé, akọ̀wé sì kọ ọ́ báyìí: «A ṣèèṣì pa á.»

Kọmándà, Faransé tó ń ṣàkóso Pọ́bẹ̀, ránṣẹ́ pè mí láti Ṣàkẹ́tẹ́ nítorí ó gbọ́ pé mo ń ṣa orúkọ tí àwọn ènìyàn agbègbè yìí ń pe àwòrán ara ènìyàn jọ, ti igi, ti amọ̀, ti aṣọ. Ó fẹ́ mọ ohun tí ère náà jẹ́. Mo ní kí ó jẹ́ kí n rí i ná.

Ọyẹ́ mú. Kámíọ̀ tó gbé mi wá kò ní dígí níwájú. Eruku ni mo jẹ láti Ìta-Ìjẹ̀bú dé ibí.

16 oṣù kìíní.

Ère náà wà ní àgbàlá bírò. Igi ìrẹ̀ ni, ó ga tó ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n. Ojú àti imú nìkan ni wọ́n gbẹ́. Láti ọrùn lọ sísàlẹ̀, òpó lásán ni, pẹ̀lú igi kan tí wọ́n dè ní ìbú láti fi ṣe apá. Ẹni tó gbẹ́ ẹ kò ṣe é fún ẹwà. Aṣọ ló ń sọ ẹni tó jẹ́.

Àwọn gáàdì ti bọ́ fìlà ọdẹ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fi fìlà pupa tiwọn dé e. Wọ́n ń pè é ní Kápórà. Ẹni tó bá kọjá á tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, á kí i bí ọ̀gá sójà. Wọ́n gbé Ògúnṣínà jókòó sínú oòrùn ní ọ̀kánkán rẹ̀, wọ́n ní kí ó máa wo ohun tó ṣe. Láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀.

Mo wọn ère náà tán kí n tó kí ọkùnrin náà.

«Ẹ kú ìjókòó, Baba.»

«Ṣé ẹ ti wọ̀n ọ́n tán?»

«Mo ti wọ̀n ọ́n tán.»

«Ẹ wọn èmi náà. Bí oòrùn yìí bá ṣe tèmi tán, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá okùn.»

Gáàdì kan rẹ́rìn-ín. Mo béèrè ohun tó sọ fún wọn gan-an, lọ́rọ̀ kan sí èkejì. Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè orúkọ omi lọ́wọ́ rẹ̀.

«Mo ní a ti ṣípà Ládiípọ̀. Kí lẹnìkan tún lè sọ?»

18 oṣù kìíní.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ṣí ìpà rẹ̀. Wọ́n a gbẹ́ ère, wọ́n a fi aṣọ ọdẹ rẹ̀ wọ̀ ọ́, wọ́n a gbé e lọ sínú igbó, wọ́n a fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọn kì í bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, kò sí lára wọn mọ́. Ṣípà: ohùn òkè, lẹ́yìn náà ohùn ìsàlẹ̀. Basile gbọ́ ṣì pa: ohùn ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn àárín. Ẹni tó bá ṣì ènìyàn pa ti fi ọfà tàbí ìbọn pa á ní àìmọ̀, ó rò pé ẹran ni. Láàárín ọdẹ, ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a kò gbọ́ rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Mo lọ bá Basile nínú bírò rẹ̀.

«Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀,» ó ní. «Ọdún kẹfà mi rèé níbí. Mi ò gbọ́ ṣípà rí. Ọdẹ kankan ò kú lójú mi rí.»

«Nítorí náà o gbọ́ èyí tí o mọ̀.»

«Èyí tí mo mọ̀ ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi.»

Etí rẹ̀ kò di. Gun ní ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi Yorùbá. Ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ bí òmíràn. Nígbà tí wọ́n béèrè ohun tó wà nínú igbó, ó lo ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, bòciọ̀, èyí tí wọ́n ń pe ère alágbára. Akọ̀wé ní kí ó tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Bò ni oògùn, ciọ̀ ni òkú. Akọ̀wé fi oògùn sílẹ̀, ó mú òkú. Nínú ìwé báyìí, àwọn ọdẹ Ìsàbà gbé òkú Ládiípọ̀ lọ sínú igbó. Nítorí gbólóhùn yẹn, wọ́n na ọdẹ mẹ́ta lánàá pé kí wọ́n fi ibi tí òkú wà hàn.

21 oṣù kìíní. Ṣàkẹ́tẹ́.

Mo padà sílé láti kọ àlàyé mi fún Kọmándà. Àgbàdo wọ́n sí i. Pétróòlù kò sí rárá.

Ràúdátù, tí mo yá iyàrá lọ́dọ̀ rẹ̀, ń ránṣọ fún àwọn ìyàwó oníṣòwò. Ó ra ère tí àwọn aránṣọ fi ń wọn aṣọ lọ́wọ́ Faransé kan tó ń kó kúrò ní Àjàṣẹ́. Mo béèrè ohun tó ń pè é, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.

«Ìyàwó-kì-í-jẹun.»

«Orúkọ tó ń jẹ́ gan-an ni mo ń béèrè.»

«Òun náà nìyẹn. Ó ń wọ aṣọ mi láti àárọ̀ dalẹ́, kò béèrè owó ọbẹ̀ rí. Nígbà tí mo rà á, ó ní orí. Àáfà wọlé wá, ó ní kí n gé e, pé ohun tó bá ní orí, lọ́jọ́ ìkẹyìn wọ́n á ní kí n mí ẹ̀mí sí i. Mo gé e. Nígbà tí mo gé e tán ni Àáfà wá sọ pé ọyàn rẹ̀ ńkọ́.»

Ó rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ fi gún un.

Faransé ń pe irú èyí ní mannequin. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Flandre ni wọ́n ti gbà á, níbi tó ti túmọ̀ sí ọkùnrin kékeré. Èyí tó jẹ́ òkúta, wọ́n ń pè é ní ohun tí a gbé nàró. Àwa ní ère, tí mi ò mọ orísun rẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa sọ pé àwòrán ni «à-wò-rántí». Ó dùn létí, mi ò rí ẹ̀rí rẹ̀. Ọmọláńgidi, ti ọmọdé. Ṣìgìdì, ti amọ̀, tí a ń rán níṣẹ́ ibi. Nínú gbogbo rẹ̀, Gun nìkan ló fi òkú sínú orúkọ náà. Mo kọ gbogbo èyí fún Kọmándà, mo sì fi mannequin túmọ̀ ère Ìsàbà, nítorí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò lè pa ẹnikẹ́ni.

25 oṣù kìíní. Pọ́bẹ̀.

Kọmándà ka àlàyé mi lójú mi. Ó kà á dáadáa. Ènìyàn tó fẹ́ràn ìwé ni.

«Mannequin,» ó ní. «Nígbà tí mo wà ní bárékè àwọn sójà, a máa ń fi koríko kún inú wọn, a sì máa ń fi bẹ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀bẹ orí ìbọn, gún wọn. Nítorí náà wọn kò pa á?»

«Ọ̀rọ̀ tí Baba sọ kò sọ pé wọ́n pa á.»

«Ó dára. Ìṣípà yìí, ta ni a ń ṣe é fún?»

«Ọdẹ tó ti kú.»

«Òkú rẹ̀ dà?»

«Wọ́n a máa ṣe é pẹ̀lú fún ẹni tí igbó gbé, tí a kò rí.»

«Ta ló rí i pé igbó gbé e?»

Ó tan sìgá. Ó ní nínú oṣù kejìlá ni Ládiípọ̀ mú nọ́ńbà burúkú, èyí tó ń sọni di sójà, lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣa sójà, pé ó yẹ kí ó ti wà lọ́nà ogun Indochine lókè òkun báyìí. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó mú nọ́ńbà ni igbó gbé e.

«Ẹ bá mi ṣiṣẹ́ ńlá,» ó ní. «Bí wọn kò bá pa á, ó sá ni. Mo ń wá apànìyàn, ẹ fún mi ní ìsáǹsá kan àti abúlé kan tó pa irọ́. Mo máa kọ̀wé sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Ìlaró, lẹ́yìn ààlà, kí wọ́n dá a padà. Títí yóò fi dé, ìyàwó rẹ̀ yóò wà lọ́dọ̀ àwọn gáàdì, ìbọn àwọn ọdẹ Ìsàbà yóò sì wà lọ́dọ̀ mi. Àfi bí ẹ bá fẹ́ padà sí ìtumọ̀ Basile.»

Ó bá mi bọwọ́.

26 oṣù kìíní.

Wọ́n ti mú Jádesọ́lá, ìyàwó Ládiípọ̀. Wọ́n mú ìbọn mọ́kànlá pẹ̀lú. Ọ̀bọ ti wọ oko àgbàdo Ìsàbà ní ọ̀sán gangan.

29 oṣù kìíní.

Mo rí Jádesọ́lá ní àgbàlá àwọn gáàdì. Irun kò sí lórí rẹ̀. Ìgbà ìṣípà ni wọ́n fá a. Ó ń gúnyán fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn nà gbalaja sórí ẹní.

«Opó, gún un kó kúnná. Ọkọ rẹ tí kò kú ń bọ̀ wá jẹ níbẹ̀.»

«Ọkọ mi tó kú sàn ju ìwọ tó ń mí lọ,» ó ní. Kò dá ọmọ odó dúró.

Gáàdì náà dìde, ó da omi ìgbẹ́-ẹran sínú iyán náà, ó ní kí ó gún òmíràn. Jádesọ́lá kó o dànù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gún òmíràn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi.

«Ẹ̀yin ni alákọ̀wé tó sọ pé wọn ò pa á?»

«Èmi ni.»

«Ká ní ẹ dákẹ́, ilé mi ni mi ò bá wà.»

«Ká ní mo dákẹ́, wọ́n á dá Baba Olúọdẹ lẹ́bi. Òótọ́ ni mo sọ.»

«Mo gbọ́. Òótọ́ yẹn náà ni mo ń gún yìí.»

Mi ò bi í bóyá ọkọ rẹ̀ wà láàyè. Ohun tí mi ò bá mọ̀, ẹnikẹ́ni kò lè pè mí kí n wá túmọ̀ rẹ̀.

2 oṣù kejì.

Adájọ́ láti Àjàṣẹ́ yóò wá jókòó ní Pọ́bẹ̀ ní ọjọ́ kejìlá. Ó ní kí n wá jẹ́rìí. Wọ́n gbà kí n rí Ògúnṣínà nínú ẹ̀wọ̀n láti bá a tò ó. Ó ti rù. Ó béèrè ìbọn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó béèrè ara rẹ̀; nígbà tó kan Jádesọ́lá, mo sọ ohun tí mo rí.

Mo ṣàlàyé ohun tí mo ní lọ́wọ́ fún un. «Ẹnu lásán ni ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ lójú adájọ́, Basile lè ní òun ló gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ wà kò ṣeé jiyàn. Bó bá ṣe pé ẹ ṣèèṣì pa á lẹ fẹ́ sọ, orúkọ rẹ̀ ìbá bọ́ sí àárín: a ṣì Ládiípọ̀ pa. Ẹ̀yin sọ pé a ti ṣípà Ládiípọ̀. Orúkọ wà ní ìparí. Akọ̀wé pàápàá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá ní etí ìwé, kò mọ ohun tó kọ.»

«Ẹ tún un sọ.»

Mo tún un sọ.

«Ní àárín.»

«Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín ṣì àti pa.»

«Ìwé dùn o,» ó ní. Ó fi ìka fa ilẹ̀ díẹ̀. «Ẹni tó bá ṣèèṣì pa ènìyàn, kí ni Faransé ń ṣe fún un?»

«Ẹ̀wọ̀n. Ó lè tó ọdún márùn-ún.»

«Ìyàwó ẹni tí ó pa ńkọ́?»

«Wọn kò ní ohun kan láti bá a ṣe.»

«Àwọn tí wọ́n kó lọ sí ogun òkè òkun yẹn, ṣé wọ́n ń padà?»

«Àwọn kan ń padà.»

«Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ẹ lọ sinmi.»

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó pè mí ní ọmọ rẹ̀. Mo rò pé nítorí ẹ̀rí mi ni.

9 oṣù kejì.

Wọ́n ti sun ère náà. Ìyàwó gáàdì kan kò rí igi dáná, ó là á, ó fi se ẹ̀wà. Mo bá ojú àti imú nínú eérú, mo ní kí ó fún mi. Ó ní ohun tí iná jẹ kù nìyẹn, kí n mú un. Adájọ́ kò ní rí i. Kò kúkú béèrè rẹ̀.

12 oṣù kejì.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Mo ṣe àlàyé ohùn, mo ṣe àlàyé bòciọ̀, mo wá fi ibi tí orúkọ wà parí rẹ̀. Adájọ́ gbà á. Ó ní kò gbọ́ ẹ̀rí tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tó ti dé ilẹ̀ yìí, ó sì wo Basile títí Basile fi wo ilẹ̀.

Ó wá ní kí Ògúnṣínà dìde. Ṣé òótọ́ ni ohun tí ẹlẹ́rìí sọ?

Ògúnṣínà di òpó mú. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí a ń sọ fún adití.

«Ohun tí mo sọ nígbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Èyí tí mo ń sọ báyìí ni kí ẹ kọ. Mo ṣì Ládiípọ̀ pa.»

Àwọn ará Ìsàbà hó yèè. Ìyá Ládiípọ̀ wà láàárín wọn; ó ṣubú. Gáàdì fi ìdí ìbọn tì wọ́n sẹ́yìn. Basile túmọ̀ rẹ̀, ó túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Adájọ́ yíjú sí mi.

«Ọ̀mọ̀wé, níbo ni orúkọ wà báyìí?»

«Ní àárín.»

«Kí ni ó túmọ̀ sí?»

Mo ti búra. Mo sọ ohun tó túmọ̀ sí.

Wọ́n béèrè òkú. Ó ní ìrọ̀lẹ́ ni, ó rí ohun tó mira nínú koríko, ó rò pé ẹtu ni, ó yìnbọn. Nígbà tó rí ohun tó ṣe, ó gbé e jù sínú àbàtà. «Àbàtà kì í dá nǹkan padà.» Kọmándà mọ̀ pé irọ́ ni. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó sì jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀. Ọdún márùn-ún. Wọ́n ní kí wọ́n tú Jádesọ́lá sílẹ̀, kí wọ́n dá ìbọn padà.

Nígbà tí wọ́n ń mú un jáde, ó kọjá lẹ́bàá mi.

«Ṣé mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ?»

Mo ní ó sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

20 oṣù kejì. Ìsàbà.

Wọ́n ti gbé Ògúnṣínà lọ sí Àjàṣẹ́. Ìbọn méje ni wọ́n dá padà nínú mọ́kànlá.

Ìyá Ládiípọ̀ kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nǹkan tí Ògúnṣínà àti àwọn ọdẹ mọ̀, wọn kò sọ ọ́ fún un. Lójú rẹ̀, àbúrò òun ló pa ọmọ òun. Ó ti lọ tu gbogbo ewébẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé Ògúnṣínà, ó dà á sójú ọ̀nà. Mo béèrè lọ́wọ́ Jádesọ́lá pé èé ṣe tí kò sọ fún un.

«Ìyá ọkọ mi kò lè pa ẹnu mọ́. Bó bá mọ̀, yóò rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn gáàdì á padà wá.»

«Ládiípọ̀ lè padà wálé lọ́jọ́ kan.»

«Ẹni tí a ti ṣípà rẹ̀? Síbo? Bó bá wọ ìlú yìí, ajá pàápàá kò ní dáhùn. Àbúrò Ládiípọ̀ ti wá béèrè láti fẹ́ mi. Ó ní kí irun orí mi kọ́kọ́ hù.»

3 oṣù kẹta. Ṣàkẹ́tẹ́.

Òjò àkọ́kọ́. Ó ká òrùlé ọjà kúrò.

Ṣùáíbù, àbúrò Ràúdátù, tó ń ta aṣọ ní Ìlaró, wọlé lálẹ́ àná. Nígbà tí à ń jẹun, ó ní àwọn agégẹdú kan wà lẹ́yìn Ìlaró; igi wó lu ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin Ànàgó kan láti ìhà ti Faransé, ọdẹ tẹ́lẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Wọ́n sin ín síbẹ̀.

«Nígbà wo?» mo béèrè.

«Kí ọyẹ́ tó lọ. Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀.»

Ràúdátù gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. «Ṣé pé nígbà tí bàbá yẹn ń purọ́ nílé ẹjọ́ láti dáàbò bò ó…»

«A ò mọ̀ bóyá òun ni,» mo ní.

«Ẹ̀yin náà, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ kan rí!»

Ọ̀dọ̀ awakọ̀ kan ni mo ti gbọ́ pé Ògúnṣínà ń húkọ́ nínú ẹ̀wọ̀n Àjàṣẹ́, pé ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde. Bó bá jẹ́ pé Ládiípọ̀ ni wọ́n sin ní Ìlaró, kò sí ẹni tó kù láti dáàbò bò. Adájọ́ lè gbọ́ pé igi ló pa á. Mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, ó ní ó ṣeé ṣe, bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá jẹ́rìí sí i. Bí kì í bá ṣe òun, tí mo sì la ẹnu, mo ti fún Kọmándà ní ìdí láti tún bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

5 oṣù kẹta. Ìsàbà.

Mo sọ fún Jádesọ́lá. Kò sunkún. Ó ní obìnrin tó ń se oúnjẹ fún agégẹdú ló máa ń kó aṣọ ẹni tó bá kú; òun yóò dá aṣọ ọkọ òun mọ̀, òun ló rán an. Ó ní òun fẹ́ lọ fúnra òun.

«Bó bá jẹ́ òun ni, màá padà wá, màá bá yín dé iwájú adájọ́.»

«Bí kò bá jẹ́ òun?»

Ó ń di ẹrù.

9 oṣù kẹta. Ṣàkẹ́tẹ́.

Jádesọ́lá bá Ṣùáíbù lọ sí Ìlaró ní Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ láti Àjàṣẹ́ sọ pé wọ́n ti gbé Ògúnṣínà kúrò láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù, pé kò jẹun mọ́. Ọjà Ìlaró tú lánàá. Ṣùáíbù dé ní ọ̀sán yìí, òun nìkan. Ó ní wọ́n yà ní oríta, pé obìnrin náà sọ fún un pé kí ó má dúró de òun. Jádesọ́lá kò tíì dé.